Ẹ Bèèrè Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí I

Ẹ̀yin ará Lakowe, bí àwọn olùwádìí ìṣègùn bá wá, ẹ má sá, ẹ má sì kánjú fọwọ́ sí ìwé.

Ní 1996, Pfizer dán Trovan wò ní Kánò nígbà àrùn yírùnyírùn. Ọmọ 200 ló wà níbẹ̀: ìdajì lo Trovan, ìdajì lo oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú. Ọ̀pọ̀ òbí ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ bèèrè: ìgbìmọ̀ wo ló fàṣẹ sí i? Ṣé a lè yọwọ́ nígbàkúgbà? Ẹ ní kí aláìsàn wà níbi tí wọ́n ti ń gbèrò rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ló mọ bó ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá láyè, kó lọ jókòó.