Owó Dìsẹ́ńbà, Ìpè Jánúárì

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí, owó tí a fi ń lọ sinmi pẹ̀lú ẹbí lọ́dọọdún. Mo mọ̀ pé Dìsẹ́ńbà ṣì jìnnà. Ìdí tí mo fi mú un wá nísinsìnyí gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dùn mí. Jánúárì 2024, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mò ń gé fídíò, ni fóònù mi dún. Bàámi ni, láti Ìjoùn. Wọn kò tiẹ̀ dúró kí n kí wọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ọmọ mi, kí lo jí?"

Áàpù tí mo ti yá owó ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù mi. Wọ́n kọ orúkọ mi síbẹ̀, wọ́n ní olè ni mí. Ọ̀gá mi rí i. Ẹni tó ń ránṣọ fún mi rí i. Bàámi kì í ka àtẹ̀jíṣẹ́, ọmọ aládùúgbò ló kà á sí wọn létí. Láti August 2022 ni àjọ FCCPC ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn áàpù ayánilówó nítorí irú ìwà báyìí, àmọ́ ẹni tó yá mi lówó kò ṣe bí ẹni pé ó gbọ́.

Kí ni mo fi owó ọ̀hún ṣe? Ìsinmi ni mo fi lọ.

Ọmọ mẹ́rin ni wá. Èkó ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Ìbàdàn, àbúrò wa obìnrin sì ń ṣe àgùnbánirọ̀ lọ́dún náà. Ní gbogbo Dìsẹ́ńbà, a máa ń pàdé nílé, ní Ìjoùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, etí ibodè Benin. Ọjọ́ mẹ́rin la máa ń lò. Nínú ọjọ́ mẹ́rin yẹn, a máa ń mú Bàámi àti Màámi kọjá sí Kétu ní ọjọ́ kan, ká lọ kí àwọn ẹbí Màámi, ká dé ẹnu ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Akaba Ìdènà, ká jẹun, ká ya fọ́tò. Àwọn ará Èkó ní Detty December tiwọn. Tiwa nìyẹn.

A kì í ṣe aláìláròjinlẹ̀ o! A ní bájẹ́ẹ̀tì ní 2023. Ọdún yẹn ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 May, epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà fò kọjá 500. A ro ìyẹn mọ́ ọn. A ro owó ọkọ̀, a ro oúnjẹ, a ro ọjọ́ Kétu. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 210,000 náírà, a sì kó o jọ pé. Inú wa dùn.

Ohun tí a kò kọ sílẹ̀ ni owó ọwọ́.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tán tí àbúrò Bàámi ti dé, "Àwọn ọmọ Èkó ti dé o!" Ìyá àgbà tó wẹ̀ ọ́ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò béèrè nǹkan kan, ó kàn ń kì ọ́ ni. Ta ló máa gbọ́ oríkì tí kò ní ki ọwọ́ bàpò? Àwọn ọmọ tó bá yín pọnmi ń kọ́? Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú tí ẹ kò sí nílé ń kọ́? Tèmi tún burú, nítorí wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ rédíò àti fídíò ni mò ń ṣe. Lójú wọn, ẹni tó bá ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ti di olówó.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, 3,000 náírà ló kù lọ́wọ́ mi. Ọ̀la ni Kétu. Màámi ti lọ aṣọ wọn, wọ́n gbé e kọ́. Mo jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa, mo tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, mo yá 40,000. Ohun tó wọ àkáǹtì mi jẹ́ 34,000. Ohun tí mo máa san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ 46,000. Mo rí iye náà kedere o. Mo sì tẹ̀ ẹ́.

Ní Fẹ́búárì, lẹ́yìn ìtìjú yẹn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pe ìpàdé lórí WhatsApp. Wọ́n ní kí oníkálukú sọ iye tó ná gan-an, kì í ṣe iye tó ń sọ fún èèyàn. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ti ná owó ilé ìwé ọmọ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ná lára owó ilé. Olúkúlùkù ló ń yọ́ ná an, tí a sì jọ ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Nígbà tí a ro ó pọ̀: ọkọ̀ 64,000, oúnjẹ 85,000, Kétu 58,000, owó ọwọ́ 113,000. Owó ọwọ́ ló pọ̀ jù, òun nìkan ni kò sì sí nínú bájẹ́ẹ̀tì. 320,000 ni gbogbo rẹ̀, kì í ṣe 210,000.

Àwọn kan máa sọ pé kí a má fún èèyàn lówó mọ́. Èmi kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lọ sílé ní Dìsẹ́ńbà tó dì í mọ́wọ́, kí ló lọ ṣe? Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọ owó ọkọ̀.

Bí a ṣe ṣe ti 2024 rèé. Nítorí ọjà tó ń gbówó lórí, a fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé 320,000, ó di 430,000: ọkọ̀ 85,000, oúnjẹ 115,000, Kétu 80,000, owó ọwọ́ 150,000. A wá fi 50,000 kún un fún Jánúárì, owó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn títí a ó fi padà síbi iṣẹ́. Ó di 480,000. Láti Fẹ́búárì sí Nọ̀fẹ́ńbà jẹ́ oṣù mẹ́wàá, 48,000 lóṣù. Tí a bá pín in dọ́gba, 12,000 ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ 33,000 ni ìjọba ń san fún àgùnbánirọ̀ lóṣù nígbà náà. Báwo ni àbúrò ṣe máa yọ 12,000 níbẹ̀? Ó san 6,000, ẹ̀gbọ́n obìnrin gba 18,000, àwa méjì tó kù san 12,000. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín pín in dọ́gba tí àpò kò bá dọ́gba.

Níbo la kó o sí? Màámi fẹ́ alájọ, nítorí alájọ ló tọ́ wọn dàgbà: ẹ dá a lójoojúmọ́, tó bá pé oṣù, alájọ yọ owó ọjọ́ kan, ó kó ìyókù fún yín. Kò burú. Àmọ́ ìlú mẹ́ta la wà, nítorí náà a lo áàpù ìfowópamọ́ tó ń ti owó pa títí di ọjọ́ tí a bá mú. A mú 1 Dìsẹ́ńbà. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè ni báńkì tó mú owó náà dání. Tó bá jẹ́ báńkì tó ní ìwé àṣẹ, NDIC máa dáàbò bò ó: láti 2024, ó dé 5,000,000 náírà fún báńkì ńlá, 2,000,000 fún máíkírófáínáǹsì.

Owó Kétu nìkan la kò ti mọ́bẹ̀. Ẹ wò ó, sẹ́fà ni wọ́n ń ná lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti so sẹ́fà mọ́ euro: sẹ́fà 655.957 ni euro kan. Náírà kò ní okùn. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, sẹ́fà kan kò tó náírà kan lójú báńkì. Nígbà tó fi máa di ìparí 2024, ó ti ju náírà méjì lọ. Ẹni tó bá fi náírà pamọ́ dìgbà ìrìn-àjò Kétu, omi ló ń fi agbọ̀n pọn. Màámi ń ta gàrí fún àwọn oníbàárà tó ń wá láti òdì kejì, wọ́n sì máa ń gba sẹ́fà lọ́jà. A máa ń fi náírà ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù, wọ́n á yọ sẹ́fà kan sọ́tọ̀ fún wa nínú agolo. Báńkì wa nìyẹn!

A kò tún san owó ọkọ̀ Kétu sílẹ̀ mọ́. Ní August 2019 tí wọ́n ti ibodè pa, ẹ̀gbọ́n mi ti fún awakọ̀ kan lówó ṣáájú. Owó náà kò padà wá. Olúmọ ní Abẹ́òkúta la lọ lọ́dún náà, a sì gbádùn rẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ 150,000 owó ọwọ́ yẹn. A ní kí Bàámi ka orúkọ àwọn tí a máa fún. Wọ́n ń kà, àbúrò ń kọ. Nígbà tó dé orí ẹnì kan, Bàámi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Fò ó. Ó mọ ìgbà tí mo wà lórí àìsàn." Màámi ní kí a kọ ọ́. Wọ́n jà á fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A kọ ọ́, 2,000. A di gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìwé pélébé pélébé, orúkọ wà lára rẹ̀. Nígbà tí ẹni tí kò sí nínú ìwé bá dé, oúnjẹ wà, ẹ̀rín wà.

A lọ sí Kétu. Màámi jó. 9,500 ṣẹ́kù, a fi ra epo síbi ẹ̀rọ amúnáwá Bàámi.

Ní Jánúárì 2025, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, fóònù dún. Bàámi. Àyà mi já. Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ sà." Wọ́n ní ṣé ètò owó ti Fẹ́búárì ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní rárá sà, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn náà síbẹ̀, àwọn á máa dá 2,000 lóṣù, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Màámi.