Àwo Fẹlá àti Omi Mímu
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ní Rusaifah, Mẹ́kà)

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò máa rò ó pé, kí ni orin Fẹlá wá ṣe ní Mẹ́kà? Ẹ fara balẹ̀ fún wa.

Ní ọdún 1975 ni Fẹlá gbé àwo Expensive Shit jáde. Orin méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀. Ti ojú kìíní dá lórí ìgbẹ́: àwọn ọlọ́pàá fi ẹ̀sùn igbó kàn án, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì ń dúró de ìgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ àwo náà nínú ilé wa. Àfi ìgbà tí a kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù tán ni ìtìjú ọ̀hún tó kúrò lójú wa.

Ojú kejì ni Water No Get Enemy. Òwe wa náà ni: omi kò lọ́tàá. Fèrè ń dún, ìlù Tony Allen ń dá a lóhùn.

Nígbà tí a tún un gbọ́ láìpẹ́ yìí, ìyá kan ni a rántí, tí òòyì gbé ṣubú nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Haramain ní àdúgbò wa níhìn-ín. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. A ní, “Ìyá, ṣé ẹ kò mu omi ni?” Ó ní, “Ọmọ mi, bí mo bá mu ún, n ó tọ̀. Èrò pọ̀ nílé ìtọ̀, àwọn tí a jọ wá yóò sì fi mí sílẹ̀.” Ọpẹ́ ni pé ara rẹ̀ padà yá. Ní Haji ọdún 2024, ooru dé 51.8 ní Mọ́sáláṣí Ńlá. Ìjọba ní ènìyàn 1,301 ni ó kú.

Olikoye, ẹ̀gbọ́n Fẹlá, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, kọ́ àwọn ìyá wa ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà. (Ọmọ ìyá kan náà: ọ̀kan ń kọrin omi, èkejì ń po omi.) Omi tó mọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí, kí ṣíbí má ṣe ga. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ní àrùn kíndìnrín, ọkàn tàbí àtọ̀gbẹ, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Omi wà lórí tábìlì. Ilé ìtọ̀ wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ilẹ̀kùn méjì ni, kò sì sí èrò níbẹ̀.