Ọdẹ àti Ìtọ́jú Àgbọ̀nrín: Èrò Àwọn Ọdẹ Agbègbè Mowe, Ibafo àti Ifọ̀

Ìbéèrè tí mo gbé wá nìyí: báwo ni àwọn ọdẹ Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ ṣe rò pé ó yẹ kí á máa tọ́jú àgbọ̀nrín, kí ó lè máa bí sí i, kí ara rẹ̀ sì máa dá? Èrò tèmi ni pé ìmọ̀ ìtọ́jú ẹran wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni ìmọ̀ náà dúró lé. Bí ilẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìmọ̀ náà di ìtàn.

1. Ẹran tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá dé Orin Dáfídì kejìlélógójì, àgbọ̀nrín ni wọ́n fi dípò ẹran òkèèrè tí a dárúkọ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ti rò pé ẹran kan náà ni méjèèjì. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwo ẹran òkèèrè yẹn a máa yọ ẹ̀ka bí igi, a máa wó lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù. Ìwo àgbọ̀nrín tiwa kò ní ẹ̀ka. Ó lọ́ díẹ̀, akọ nìkan ni ó ní in, kì í sì í wó títí ẹran náà yóò fi kú.

Ìyàtọ̀ kejì ni ó ṣe pàtàkì jù fún wa. Ọ̀pọ̀ nínú ẹran òkèèrè wọ̀nyẹn ni ó ń rìn ní agbo. Àgbọ̀nrín kì í rìn ní agbo. Dídá ni ó ń dá jẹ̀ nínú igbó ṣúúrú tí ó súnmọ́ omi. Oyún rẹ̀ a máa tó oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Abo a fi ọmọ náà pamọ́ sínú igbó, a máa wá fún un lọ́mú, a sì máa jẹ ìgbẹ́ ọmọ náà kí òórùn má baà tú u fó fún ọ̀tá. Ẹtu ńkọ́? Akọ àti abo rẹ̀ a máa gbé lórí ilẹ̀ kékeré kan, wọn a sì máa fi oje tí ń jáde lábẹ́ ojú wọn sàmì sí ara igi. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kí ó má ní ààlà. Ẹtu pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi ọdẹ Ibafo pé agbo àgbọ̀nrín mélòó ni ó wà nínú igbó rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín. Ẹran kọ̀ọ̀kan ni ó mọ̀: ó mọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ igi tí ó ń fi ìwo ha, ó mọ ibi tí ó ti ń mu omi. Ẹni tí ó bá ka ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá, èyí tí ó jáde ní 1966, yóò rí bí oríkì ẹranko ti pọ̀ tó nínú rẹ̀. Irú oríkì bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ ìwà ẹran ni.

2. Ọ̀nà tí ọdẹ fi ń mọ ẹran tí ara rẹ̀ dá

Láàyè, irun ni ọdẹ kọ́kọ́ ń wò: bóyá ó ń dán, bóyá eégbọn ti bo etí. Bí ó bá pa ẹran náà tán, yóò wo ọ̀rá ara kíndìnrín, yóò sì tú ẹ̀dọ̀ wò bóyá aràn wà níbẹ̀. Ọ̀rá a máa pọ̀ lẹ́yìn òjò. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá níbi tí wọ́n ti dáná sun igbó, egungun ìhà ni ọdẹ ń bá pàdé. Ẹ̀kọ́ tí àwọn àgbà ọdẹ rí fà yọ nínú èyí ni pé ẹni tí ó sun igbó ti sun oúnjẹ àgbọ̀nrín, ó sì ti sun ibi ìsápamọ́ ọmọ rẹ̀.

Òfin àtijọ́ kan tún wà: ẹran tí ọdẹ bá bá nílẹ̀ tí ó ti kú, tí kò mọ ohun tí ó pa á, kò gbọdọ̀ gbé e wálé. Ní 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó, ẹ̀rù ẹran ìgbẹ́ ba gbogbo ìlú. Ní 2023, a rí àrùn anthrax lára ẹran ọ̀sìn ní Ìpínlẹ̀ Niger, àrùn tí ó lè ti ara òkú ẹran mú ènìyàn. Ẹ kò rí i pé òfin àwọn baba wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèwọ̀ lásán?

3. Ìlànà òkèèrè àti ìlànà tiwa

Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí 1970 sókè, àwọn ọdẹ Texas àti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan: kí wọ́n dá akọ kékeré sí kí ó dàgbà, kí wọ́n sì pa abo púpọ̀ sí i. Ọgbọ́n ni fún wọn, nítorí ẹran wọn ti pọ̀ ju oúnjẹ lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí a bá gbé ìlànà yẹn wá sí Ifọ̀ bí ó ti wà, ìparun ni. Ẹran tiwa kò tó. Ọmọ kan ni abo ń bí. Ẹni tí ó pa abo kan ti pa ìdílé kan.

Mẹ́ta ni òfin tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ. Èkíní dá lórí irú ẹran tí a lè pa: abo tí ó lóyún, tàbí tí ọmọ ń tẹ̀ lé, kí á fi í sílẹ̀. Èkejì dá lórí ìgbà: kí ìbọn sinmi ní àkókò òjò ńlá. Ẹ̀kẹta dá lórí ibi: àwọn igbó kan wà, igbó òrìṣà àti etí odò mìíràn, tí ọdẹ kankan kì í wọ̀.

Àtùpà ti ba òfin kìíní jẹ́. Lóru, ojú ẹran tí ń dán nìkan ni ọdẹ ń rí. Ta ni yóò mọ oyún lára ojú? Okùn wáyà burú jù ú lọ, nítorí kò mọ akọ, kò mọ abo, kò mọ ọmọ. Òfin kejì dára, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí pé kò sí oṣù tí àgbọ̀nrín kò lè bímọ ní ilẹ̀ wa. Òfin kẹta ni mo gbà pé ó lágbára jù. Igbó tí a kò wọ̀ ni ilé ìbímọ ẹran. Èyí tí ó bá pọ̀ jù níbẹ̀ ni yóò tú jáde wá bá ọdẹ.

4. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Ṣùgbọ́n níbo ni igbó náà wà? Ojú irin tí ó gba Ifọ̀ kọjá ti dé Ìbàdàn ní 1901. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, ó sì gba Ibafo àti Mowe kọjá. Láti ìgbà náà ni Èkó ti ń ṣí wá bá wa. Àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ kan sọ fún mi láìfi bò pé, "Bàbá, bí a kò bá pa á lónìí, katakata yóò lé e lọ lọ́la." A kò lè pe ọ̀rọ̀ yìí ní wèrè. Ẹni tí kò ní ìdánilójú pé igbó yóò wà ní ọdún tí ń bọ̀, kí ni yóò dá abo sí fún?

Ìdáhùn mi ni pé kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé sí. Odò Ògùn ni ó wà láàárín apá Ibafo àti apá Ifọ̀. Omi a máa bo etí rẹ̀ lọ́dọọdún, pàápàá nígbà tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, tí a ṣí ní 1983. Àkúrọ̀ tí ń pa onílé lẹ́kún yìí gan-an ni àgbọ̀nrín fẹ́ràn. Bí àwọn ìdílé onílẹ̀, àwọn Olúọdẹ àti ìjọba ìbílẹ̀ bá pa ọwọ́ pọ̀, kí wọ́n sọ ọ́ di igbó àìwọ̀, ẹran yóò rí ibi bímọ, omi yóò sì rí ibi tẹ́ sí. Kí ẹgbẹ́ ọdẹ sì fi òfin de okùn wáyà àti ìbọn òru ní gbogbo àyíká rẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n mọ ẹni tí ń wọ igbó.

Àwọn Yorùbá a máa bá ẹni tí ń fi ohun àná yangàn wí pé àgbọ̀nrín èṣí ni ó ń jẹ lọ́bẹ̀. Bí a bá ń yin ìmọ̀ àwọn baba wa nínú gbọ̀ngàn báyìí, tí a kò sì dá igbó kan sí fún un, àwa ni òwe náà ń bá wí.