Sùúrù, Ààwẹ̀ àti Ìlera Ara Wa

Gbogbo ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Adẹ́dàá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ wo ẹni tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù lójú títì. Kí ó tó ronú, ó ti fò sẹ́yìn, àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì. Orí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan ni Ọlọ́hun gbé ẹ̀yà ara kékeré kan lé. Bí ọpọlọ bá ti rí ewu, àwọn ni wọ́n ń tú èròjà tí à ń pè ní họ́mọ́ọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀. Adrenaline ń mú kí ọkàn yára lù. Cortisol ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, kí á lè rí agbára sá. Àánú ni èyí. Bí ewu bá kọjá, ara a rọlẹ̀.

Ẹni tí ó gbé ewu tirẹ̀ sínú ńkọ́? Ìrònú owó ilé, tàbí ìjà ọmọ ìyá tí kò parí láti ọdún pípẹ́? Ní ọdún 1936, Hans Selye, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Montreal ní Kánádà, kọ ọ́ jáde pé onírúurú ìnira ni ó ń fi àmì kan náà sí ara eku: ẹ̀yà orí kíndìnrín wọn wú, ikùn wọn sì ní egbò. Lónìí, a mọ̀ pé ìdààmú tí kò dáwọ́ dúró lè dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, ó lè lé oorun lọ, ó lè da nǹkan oṣù obìnrin rú, ó sì lè dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù.

Ẹ wá wo ọgbọ́n Ànábì (SAW), tí ó gba ẹni tí inú ń bí lórí ìdúró níyànjú pé kí ó jókòó. Bí ìbínú náà kò bá lọ, kí ó dùbúlẹ̀. Sùúrù ni baba ìwà. Ó tún jẹ́ ìsinmi fún ara.

Ṣùgbọ́n sùúrù kò ní kí á má lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń wà lára láìfi àmì hàn. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó ń lo oògùn, kí ó má ṣe tìtorí ààwẹ̀ dá a dúró láìbi dókítà. Ọlọ́hun ti fi ìrọ̀rùn sílẹ̀ fún aláìsàn.

Kí oṣù yìí tó parí, kí olúkúlùkù lọ bá ẹni tí wọ́n jọ ń yan odì. Ẹ̀san wà níbẹ̀, ìlera sì wà níbẹ̀. Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa. Àmín.