Róbà Kékeré Tí Ń Gba Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Ojú Omi Là

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn awakọ̀ ojú omi àti àwọn apẹja

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí róbà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Inú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì ni ó wà, ojú kì í rí i. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Róbà yìí ni ó ń fa omi sókè kí ẹ́ńjìnì lè tutù. Bí ó bá bàjẹ́, tí a kò sì tètè mọ̀, ẹ́ńjìnì yóò gbóná títí yóò fi kú.

Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Bí ẹ́ńjìnì mọ́tò bá kú lójú títì, wọn á tì í sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn èrò á sì sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi bá kú ní àárín ọ̀sà, láàárín Ìkòròdú sí Ẹbúté Èrò, níbo ni èrò yóò sọ̀ sí? Bí ó bá kú lójú òkun ní ìhà Ayétòrò, ìgbì àti afẹ́fẹ́ ni yóò máa darí ọkọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ni èyí o. Ẹ̀mí wà níbẹ̀.

KÍ NI RÓBÀ YÌÍ Ń ṢE?

Ẹ́ńjìnì tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1909 ni Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí òun ṣe. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń mú un dára sí i. Ṣùgbọ́n ohun kan kò yí padà: iná ń jó nínú ẹ́ńjìnì, irin sì ń lọ irin, nítorí náà ó ń gbóná. Mọ́tò ní rédíétọ̀ tí ń mú un tutù. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tiwa kò ní i. Omi tí ọkọ̀ wà lórí rẹ̀ gan-an ni ó ń mu.

Ihò wẹ́wẹ́ wà lára ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì, nínú omi nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Lókè ihò yìí ni ilé pọ́ǹpù wà, inú ilé pọ́ǹpù ni róbà wa ń gbé. Àwọn tí ń tà á ń pè é ní impeller. Ó rí bí òdòdó. Ihò wà ní àárín rẹ̀, ewé sì yí i ká, mẹ́fà lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀pá irin gígùn kan ti orí ẹ́ńjìnì wá, ó gba àárín róbà náà kọjá. Bí ọ̀pá ti ń yí ni róbà ń yí. Àwọn ewé rẹ̀ ń tẹ̀, wọ́n ń nà, wọ́n sì ń ti omi gba inú páìpù lọ sókè. Omi náà á gba ooru orí ẹ́ńjìnì, á sì padà sínú odò. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń tú jáde ní ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. Èyí ni a ń wò tí a fi ń sọ pé ẹ́ńjìnì ń tọ̀.

KÍ NI Ó Ń BA RÓBÀ JẸ́?

Ohun mẹ́ta ni. Èkíní ni iyanrìn àti ẹrẹ̀. Bí a bá ń wa ọkọ̀ níbi tí omi kò ti jìn, ẹ́ńjìnì á fa iyanrìn mọ́ omi, iyanrìn á sì máa ha ewé róbà. Èkejì ni gbígbẹ. Omi ni ó ń mú kí róbà yọ̀ nínú ilé rẹ̀. Bí a bá ṣáná sí ẹ́ńjìnì lórí ilẹ̀, kí a fi dán an wò lásán, róbà á máa ha irin, á sì jóná. Ìṣẹ́jú kan péré ti pọ̀ jù. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ orí. Bí ẹ́ńjìnì bá wà láìṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ewé tí ó tẹ̀ kò ní fẹ́ nà mọ́. Á le, á sì sán.

ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀

Bí ìtọ̀ ẹ́ńjìnì bá tín-ín-rín, tàbí tí ó dá pátápátá. Bí èéfín omi gbígbóná bá ń jáde. Bí òórùn róbà jíjóná bá ń bọ̀. Bí agbára ẹ́ńjìnì bá dín kù. Ẹ pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí á rọra dé èbúté náà.” Irú ìrọra bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí ẹ́ńjìnì gan pa.

Ẹ ju ìdákọ̀ró sódò. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì sókè, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀rá tàbí ojú oró dí ihò tí omi ń gbà wọlé. Ẹ fi wáyà tín-ín-rín tọ ihò ìtọ̀, nítorí ẹrẹ̀ lè dí i. Bí ẹ bá tún ṣáná tí kò sì tọ̀, ẹ pa á. Ẹ lo àjẹ̀, tàbí kí ẹ pe ọkọ̀ mìíràn kó fà yín. Ìdí nìyí tí àjẹ̀, ìdákọ̀ró àti ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì kò fi gbọdọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀.

BÍ A ṢE LÈ RA ÈYÍ TÍ Ó BÁ A MU

Kì í ṣe gbogbo róbà ẹ́ńjìnì ni ó bá ara wọn mu. Ti Yamaha 40 yàtọ̀ sí ti Yamaha 75. Ẹ wo ara irin tí ẹ́ńjìnì fi di pátákó ẹ̀yìn ọkọ̀ mú. Ẹ óò rí lẹ́tà àti nọ́ńbà níbẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín, kí ẹ mú un lọ sí ọjà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka nọ́ńbà tí ó wà lára páálí róbà náà. Lánàá, ẹlòmíràn ni ẹ ń bẹ̀ pé kó bá yín kà á. Lónìí, ojú yín ti là. Kò sí ẹni tí yóò ta róbà tí kò bá a mu fún yín mọ́.

BÍ A ṢE Ń PÀÀRỌ̀ RẸ̀

Ohun tí ẹ óò wá sílẹ̀ ni sípánà, gíríìsì, omi ọṣẹ, àkísà mímọ́ àti abọ́ tí ẹ óò kó bóòtù sí.

1. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ ti ṣe é. Bóòtù tí ó bá bọ́ sí ọ̀sà ti lọ nìyẹn. Ẹ yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ́ńjìnì má bàa ṣáná nígbà tí ọwọ́ yín wà níbẹ̀.

2. Ẹ fi jíà Yamaha sí àárín, níbi tí kò ti sí iwájú tàbí ẹ̀yìn. Irú ẹ́ńjìnì mìíràn lè fẹ́ ipò mìíràn. Ẹ wo ìwé rẹ̀.

3. Bí ọ̀pá jíà bá ní ìsopọ̀ níta, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí ó wà, kí ẹ tó tú u.

4. Ẹ tú àwọn bóòtù tí ó so ẹsẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Ẹ kà wọ́n. Nígbà mìíràn, ọ̀kan máa ń fara pamọ́ sábẹ́ irin pẹlẹbẹ kékeré tí ó wà lókè abẹ̀bẹ̀ tí ń yí nínú omi. Kí ẹnì kan di ẹsẹ̀ náà mú, kó má bàa já lulẹ̀.

5. Ẹ fà á sísàlẹ̀ tààrà. Bí iyọ̀ òkun bá ti mú un gan, ẹ fi igi tì í, kí ẹ rọra fi òòlù lu igi náà. Ẹ má fi irin wọ̀ ọ́ láàárín.

6. Ẹ óò rí ilé pọ́ǹpù yí ọ̀pá gígùn ká. Ẹ tú bóòtù rẹ̀, kí ẹ fà á sókè gba orí ọ̀pá. Ẹ yọ róbà. Irin kékeré kan wà lára ọ̀pá tí ó di róbà mú. Kíì ni wọ́n ń pè é. Ẹ má jẹ́ kó sọnù.

7. Ẹ ka ewé róbà àtijọ́. Bí ọ̀kan bá ti já, ẹ wá a títí ẹ óò fi rí i. Ó lè ti gba páìpù lọ sókè, kó sì dí ọ̀nà omi. Bí ẹ kò bá yọ ọ́, róbà tuntun kò ní ràn yín lọ́wọ́.

8. Ẹ fi èékánná yẹ inú ilé pọ́ǹpù wò, àti irin pẹlẹbẹ tí ó wà lábẹ́ róbà. Bí ilà jíjìn bá wà lára wọn, ẹ pààrọ̀ wọn pẹ̀lú. Ẹ nu gbogbo rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i.

9. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ lẹ kíì mọ́ àyè rẹ̀. Ẹ ti róbà tuntun bọ ọ̀pá, kí àyè inú rẹ̀ bá kíì mu. Ẹ fi omi ọṣẹ pa inú ilé pọ́ǹpù. Ẹ máa tẹ ilé náà sísàlẹ̀, kí ẹ sì máa yí ọ̀pá sí apá ọ̀tún, bí ọwọ́ aago ti ń yí. Àwọn ewé á tẹ̀, wọn á sì wọlé. Ẹ má yí i sí apá òsì láé.

10. Ẹ dí bóòtù díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó kọjú sí ara wọn tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ má fi agbára jù. Irin fífúyẹ́ ni wọ́n wọ̀, ó sì rọrùn láti bàjẹ́.

11. Ẹ fi gíríìsì pa eyín ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ má fi sí góńgó orí rẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ padà. Páìpù omi gbọdọ̀ wọ ẹnu pọ́ǹpù. Ẹ fojú sí èyí dáadáa. Bí eyín ọ̀pá kò bá wọlé, kí ẹnì kan yí irin ńlá orí ẹ́ńjìnì díẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ẹ má fi bóòtù fà á wọlé ní tipátipá.

12. Ẹ so ọ̀pá jíà padà síbi àmì. Ẹ dán jíà wò, iwájú, àárín àti ẹ̀yìn, kí ẹ tó dá wáyà púlọ́ọ̀gì padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì sínú àgbá omi, kí omi bo ibi tí pọ́ǹpù wà. Jíà gbọdọ̀ wà ní àárín. Ẹ ṣáná jẹ́jẹ́. Kò ní pẹ́ tí ìtọ̀ á fi jáde. Bí kò bá tọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ pa á, kí ẹ tún páìpù omi yẹ̀ wò.

ÌTỌ́JÚ

Ẹ máa yẹ róbà wò lọ́dọọdún. Ẹni tí ó ń kó èrò lójoojúmọ́, tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú omi ẹlẹ́rẹ̀, kó má dúró dìgbà náà. Bí ẹ bá ti òkun dé, ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan inú ẹ́ńjìnì. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ róbà sínú ìwé. Orí máa ń gbàgbé, ìwé kì í gbàgbé.

Mi ò sọ pé kí ẹ lé mẹkáníìkì yín lọ o. Bí bóòtù bá kán sínú, tàbí tí òróró inú ẹsẹ̀ bá funfun bí wàrà nítorí pé omi ti wọ̀ ọ́, ẹ pè é. Ṣùgbọ́n èyí tí ọwọ́ wa ká, ẹ jẹ́ kí á ṣe é. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Owó róbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnì, owó ẹ́ńjìnì kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí ènìyàn.

 Kí ọkọ̀ wa máa gúnlẹ̀ láyọ̀ o.

ÌBÉÈRÈ

1. Níbo ni omi tí ń mú ẹ́ńjìnì tutù ti ń wá?
2. Kí ni kí a ṣe bí ẹ́ńjìnì kò bá tọ̀ mọ́ lójú omi?
3. Kí ni ìdí tí a fi ń ka ewé róbà àtijọ́?
4. Apá wo ni a ń yí ọ̀pá sí nígbà tí a bá ń fi róbà tuntun sí i?
5. Kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ sínú ìwé rẹ.