Kí Òjò Tó Dé
(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)

  

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí, omi ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí wa. Ìyá ẹnìkan á ní, "Ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà Omíyalé." Ti ẹlòmíràn á ní, "Oyún rẹ ló wà nínú mi lọ́dún tí Ògùnpa kún." Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni wọ́n ń sọ, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya láàárín ìgboro Ìbàdàn, tó gbé ilé, tó gbé ọjà, tó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tí àwa náà ti di òbí, omi tún dé. Afárá já, èèyàn tó lé ní 100 sì kú.

Lẹ́yìn ìyẹn, owó ńlá dé. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là nítorí omíyalé Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n owó yẹn kò lè máa bá wa kó pàǹtírí kúrò nínú gọ́tà ẹ̀yìnkùlé wa. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ọ́ kedere pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni gọ́tà, kíkó ilẹ̀, sísọ òpópónà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sí ilé. Ẹ má fojú kéré nọ́ńbà ilé o. Bí omi bá ká èèyàn mọ́lé lóru, tó pe 112, "ẹ̀gbẹ́ ìyá alákàrà" kò tó júwe.

Lọ́dọọdún, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó odò máa ń kìlọ̀, wọ́n a sì dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè yalé. Kànsù tó bá gbọ́ á ti gbẹ́ gọ́tà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Á ti yan ilé ẹ̀kọ́ tí èèyàn lè sá lọ. Á ti sọ fún ìmáàmù, pásítọ̀, baálẹ̀ àti ìyálọ́jà ẹni tí wọn yóò pè. Àjọ NEMA ń gbìyànjú, àmọ́ kí ọkọ̀ wọn tó dé, aládùúgbò ló máa kọ́kọ́ fa èèyàn jáde.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Lọ́dún tí omi wọlé àwọn ará ìsàlẹ̀ àdúgbò, a gbé ìrẹsì àti fóòmù lọ. A wọ aṣọ ẹgbẹ́, a sì ya fọ́tò. Ìyá àgbà kan gba fóòmù, ó dúpẹ́, ó wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ kànsù kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ inú gọ́tà yìí." A ní a ti gbọ́. A ò lọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, omi gbé fóòmù náà lọ.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ ẹgbẹ́ pé, láti ọdún yìí lọ, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kí a máa kọ̀wé sí kànsù, kí a sì fi ẹsẹ̀ ara wa gbé e lọ. Èló ni ẹ yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà? Ta ni a ó pè lóru? Ibo ni a ó sá sí? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ó tọ́ kí a béèrè.

Kí ẹni tí fẹ́ǹsì rẹ̀ dí ojú àgbàrá nínú wa náà sún un sẹ́yìn. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Bí a bá sì ń lọ lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sínú gọ́tà.