Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Iṣẹ́ Tí Ìlú Ń Wá

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 kalẹ̀ ní 1982, tí wọ́n sì kó ẹ̀rọ ìkọ́ṣẹ́ wá láti òkèèrè, púpọ̀ nínú wọn ló dípẹtà sínú àpótí tí a fi kó wọn dé, nítorí pé kò síná, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ wọ́n lò. Ní 2011, ìjọba tún fi iṣẹ́ ọwọ́ 34 kún ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà: aṣọ rírẹ, irin jíjó, fóònù títúnṣe, ẹja sísìn, ọjà títà àti àwọn mìíràn, wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ó kéré tán ẹyọ kan.

Ètò náà wù mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní Abẹ́òkúta, tí aláàdìrẹ kún ọjà Ìtòkú bámúbámú, kò tọ́ kí ọmọ máa há ìwé ọjà títà sórí kìkì nítorí pé ẹ̀kọ́ yẹn kò bèèrè ju ṣọ́ọ̀kì àti pátákó lọ. Ní Ọtà, níbi tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí, ẹni tí ó lè wo ojú ibi tí a ti jó irin pọ̀, kí ó sì tọ́ka sí ibi tí yóò ti sán, ni àwọn ọ̀gá ń wá.

Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó yan iṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ jókòó ti àwọn oníṣẹ́ àdúgbò. Kí ó pe ìyá aláró wọ kíláàsì, kí ìjọba sì sanwó fún un, bí kò tilẹ̀ ní ìwé-ẹ̀rí.